Bíréèkì Iwájú Alùpùpù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ ò bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin! Télọ̀ ni wọ́n, orí wọn ti funfun, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ alùpùpù ni wọ́n fi ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Ọkọ wọn tó di olóògbé ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Alùpùpù náà ti gbó, àmọ́ bí wọ́n bá ti so báàgì aṣọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n gùn ún, ẹ ó rò pé ọmọge ni wọ́n. "Ọjọ́ tí mo bá jókòó sílé ni mo darúgbó," ni wọ́n máa ń wí. Èmi tí a jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, mo mọ̀ pé wọn ò fi ṣàwàdà.

Wàhálà wá dé. Bíréèkì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á máa lọ geere. Tó bá yá, táyà á wúwo, irin ibẹ̀ á gbóná janjan. Lọ́jọ́ kan, ó dì pátápátá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ní kọ́nà, ó sì gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣánlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, orúnkún nìkan ló bó.

Láti ìgbà náà ni ọmọ wọn ọkùnrin ò ti lè sùn dáadáa. "Màmá, a máa tà á ni. Tí mẹkáníìkì ò bá rí i ṣe lónìí, ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ nírọ̀lẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń tẹ máṣíìnì lọ, ibi tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń rán. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo jágbe mọ́ ọmọ náà: "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Kò-Séwu ni à ń pe mẹkáníìkì wa, nítorí ohun tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn. Ó ti pààrọ̀ páàdì, ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, ó ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Níwájú rẹ̀, táyà á máa yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Tó bá dé títì, á tún dì. "Kò séwu, Màmá." Èmi á ní, "Orúnkún tó bó ńkọ́, òun náà ò séwu?"

Ó wá ku ohun kan. Irin ọwọ́ bíréèkì máa ń dun ìka ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n bá fi awọ rán ẹ̀wù fún un, ìlọ́po méjì, ìránṣọ tó gún régé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ọ́ìlì kan awọ yẹn! Nítorí náà, kí Kò-Séwu tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ bọ́ awọ náà fún mi. Tó bá parí, màá wọ̀ ọ́ padà.

Lọ́jọ́ tí ọmọ wọn ní ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ yìí, bó ṣe parí báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi fò lé alùpùpù, wọ́n lọ dán an wò. Mo ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, awọ yín rèé o!" Wọn ò gbọ́. Wọ́n pẹ́ títí tí ọmọ wọn fi dìde, tó ń na ọrùn wo títì. Ìgbà tí wọ́n dé, táyà iwájú ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

"Mo rìn jìnnà o," ni wọ́n wí. "Kí lo ṣe sí i?"

Kò-Séwu họrí. "Màmá, n ò ṣe nǹkan tuntun kankan."

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo bínú mú awọ, mo wọ̀ ọ́ fún ọwọ́ bíréèkì. Iná ẹ̀yìn tó máa ń tàn bí a bá tẹ bíréèkì tàn wàì.

"Àǹtí, ẹ má tẹ bíréèkì," ni Kò-Séwu wí.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ṣebí awọ ni mò ń wọ̀ fún un!"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ bọ́ ọ." Mo bọ́ ọ, iná kú. "Ẹ tún wọ̀ ọ́." Ó tún tàn. Etí awọ tó nípọn yẹn ló há sí ìdí ọwọ́ bíréèkì, tí kò jẹ́ kó padà sípò rẹ̀. Ọ́ìlì ò rí ọ̀nà padà, bó bá sì ti gbóná, á fún bíréèkì pọ̀. Àṣé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà!

"Yéè! Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi!" Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò-Séwu náà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, ó fọwọ́ kan irin náà, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀, kò gbé e kúrò.

"Kò gbóná, Màmá," ni ó wí. Ó mú fóònù, ó ní kí ẹni tó fẹ́ rà á má wulẹ̀ wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé etí awọ náà sọ nù. Wọ́n so báàgì aṣọ mọ́ àyà ọmọ wọn. "Gòkè sẹ́yìn mi. Ṣebí ẹ̀rù ló ń bà ọ́?" Ọmọkùnrin gìrìwò náà gòkè, ó di ìyá rẹ̀ mú níbàdí. "Màmá, ẹ rọra o!"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo iná ẹ̀yìn. Kò tàn. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tí alùpùpù ti gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣánlẹ̀, iná náà tàn. Wọ́n yà, ó sì kú.