Ojú Ère Tí Ọ́ńkù Dísù Kò Sọ Fún Wa

"Ọ́ńkù, báwo ni ojú ère yẹn ṣe rí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi Ọ́ńkù Dísù ní ìbéèrè yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Parnell Street, nílùú òyìnbó tí a ń gbé. Ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2000 ni. Mo jókòó sórí àpò gàrí lẹ́yìn káńtà, mo ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé mi. N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí mo bá sì sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá ni mo fi bi wọ́n lọ́jọ́ náà. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ilé yíjú sí mi.

Abdulqoyum Dísù ni orúkọ wọn gan-an. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì wá bá ìyá mi kó iṣu wọlé, wọn kò sì ní gbà ju ife tíì kan lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tó ń pè wọ́n ní Dísù. "Íńdíà" ni wọ́n ń jẹ́, nítorí pé Mysore ní Íńdíà ni wọ́n ti kàwé nígbà ọ̀dọ́ wọn, àti nítorí ìtàn kan tí kò sú ẹnikẹ́ni.

Ìtàn ère òkúta kan ni, ní Shravanabelagola, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Jain máa ń rìnrìn àjò lọ. Orí òkè àpáta ló wà. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Ọmọ ọba kan ni, tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí oyè, tó ṣẹ́gun, tó wá fi oyè náà sílẹ̀. Ó dúró lójú kan, kò mira, títí ìtàkùn fi gun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé apá.

"Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà gun òkè yẹn," Ọ́ńkù á wí. "Bó o jẹ́ ọba, ìsàlẹ̀ lo máa bọ́ ọ sí. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, oòrùn á sì ti yan án!"

Bọ̀dá Lateef, tí wọ́n ń gẹrun ní ẹ̀gbẹ́ wa, á ní, "Íńdíà, ìmáàmù á gbọ́ o! Ìwọ Mùsùlùmí, o lọ kí òrìṣà?"

"Mo lọ wòran ni. Ìwọ náà ò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn níbí rí?"

"Òjò ló lé mi wọbẹ̀!"

Mo ṣì máa ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, àti òórùn ẹja gbígbẹ pẹ̀lú aṣọ òtútù tí òjò pa. Nígbà náà, iṣẹ́ ń wá ènìyàn ká nílùú yìí, ilé tuntun ń hù ní Lucan lójoojúmọ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ráyè dúró gbọ́ ìtàn lórí àpò ìrẹsì.

Nítorí pé mo máa ń dákẹ́, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìtàn bàtà máa ń gùn ju ìtàn ère lọ. Ọ́ńkù mọ bàtà tó wà nísàlẹ̀ òkè lọ́jọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: sálúbàtà ọmọdé tí okùn rẹ̀ já, bàtà pupa ìyàwó tuntun, ti ìyá arúgbó kan tó wá a títí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ibi ère, wọ́n á ní, "Ó tóbi! Ọlọ́run ló mọ bó ṣe tóbi tó!" Wọ́n á sì gbé tíì mu.

Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè.

Ọ́ńkù gbé ife tíì wọn, wọ́n tún gbé e kalẹ̀.

"Dá ọmọ lóhùn jàre," Bọ̀dá Lateef wí. "Àbí o ti gbàgbé?"

"Ojú... ojú ṣáà ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ́ńkù kò mu tíì wọn tán lọ́jọ́ náà. Ní Sátidé kejì wọ́n dé, wọ́n kó iṣu, wọn kò sọ ìtàn. "Ó rẹ̀ mí," ni wọ́n ń wí, títí àwọn ènìyàn fi dẹ́kun bíbéèrè. Ìyá mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ọdún méje ni mo fi ń bá wọn gbé tíì wá, tí n kò lè wo ojú wọn dáadáa.

Ní ọdún 2007, Ọ́ńkù gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nàìjíríà la rò pé wọ́n lọ. Sátidé tí wọ́n dé, wọ́n ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń dùn.

"Ṣé ẹsẹ̀ lo fi rìn láti Èkó ni?" Bọ̀dá Lateef béèrè.

"Íńdíà ni mo lọ." Ọ́ńkù gbé ife wọn sílẹ̀. "Lateef, n kò dé orí òkè yẹn nígbà àkọ́kọ́."

Ọ́ńkù jókòó sórí àpò ìrẹsì kan.

"Ìyá mi ló ra bàtà kan fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú. Bàtà aláwọ tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi. Mo bẹ̀rù kí wọ́n má jí i. Mo ní kí Olúníyì, ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé, àti àwọn yòókù máa gùn lọ, mo ní màá ṣọ́ bàtà gbogbo wa. Níbi tí mo jókòó sí, ògiri nìkan ni mò ń rí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Olúníyì tí kì í dákẹ́ kò lè sọ nǹkan kan. Mo wá kọ lẹ́tà sí ìyá mi pé mo gùn ún. N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàtà wọn ló dá mi dúró. Láti ìgbà náà, n kò rí ibi tí màá ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá."

Bọ̀dá Lateef wo ẹsẹ̀ Ọ́ńkù. "Bàtà tọ̀tẹ̀ yìí ńkọ́? O bá a nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀?"

"Mo bá a. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wò ó."

Ẹ̀rín wá gba ṣọ́ọ̀bù, ti Ọ́ńkù fúnra wọn ló ga jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi lẹ́yìn káńtà.

"O bi mí ní nǹkan kan," wọ́n ní. "Ère yẹn ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ti ń wò mí nísàlẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, tí kò sì bínú."