Bí Ooru Ṣe Di Òórùn ní Òpópónà Wa

Mummy ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà tí ilé wọn fara ti tèmi ní Peckham, nílùú òyìnbó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n lókun. Ọkọ wọn kú, ó fi ilé sílẹ̀ fún wọn, kò sì pẹ́ tí bọ́ílà tó ń mú ilé náà móoru fi kú tẹ̀ lé e. Ẹni tó wá tún un ṣe mi orí, ó ní ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Láti ìgbà náà, kóòtù ni Mummy fi ń sùn. Bí mo bá lọ kí wọn, inú kíṣìnì ni mo ti máa ń bá wọn, wọ́n á tan sítóòfù gáàsì, wọ́n á na àwọn ìka tí làkúrègbé ti ká kò sí i, wọ́n á máa yáná. Àánú wọn máa ń ṣe mí, inú sì tún máa ń bí mi, nítorí wọn kò gbà kí n mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe aláìnílé.

Nígbà tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wá ní àwọn fẹ́ gbẹ́ òpópónà wa, kí àwọn tẹ́ páìpù omi gbígbóná sábẹ́ rẹ̀, mo fò fáyọ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Iná ibẹ̀ ni yóò máa mú omi gbóná, omi náà yóò sì máa gba abẹ́ ilẹ̀ láti ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tí yóò tún nílò bọ́ílà. Ṣùgbọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílé kò bá fọwọ́ sí i, òpópónà mìíràn ni páìpù yóò gbà.

Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni káńsù rán sí wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí. Káńsù rò pé oore làwọn ṣe wá. Ká ní òyìnbó lọmọ náà sọ ni, kò sẹ́ni tí kò ní yé. Ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó kúnlẹ̀, ó sì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ káàsán o, Mummy, Daddy. So, òórùn yìí, gbogbo yín lẹ máa share ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń burn rubbish ló ti ń bọ̀. Ó máa gba inú pipe wọ ilé yín, straight. Every room. Òórùn ò ní tán, I promise.”

Ooru ló fẹ́ pè. Mo rí Mummy tí wọ́n fa etí ìbòrí wọn bo imú.

Mo dìde, mo ní, “Ooru ló ń sọ o! Heat ni!” Ṣùgbọ́n ariwo ti sọ.

Bàbá kan wá dìde, ẹni tó ní ilé mẹ́ta lórí òpópónà náà. Àgbà ni, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní “wọ́n” níhìn-ín. Ẹni tó bá wù kó bá mi pè é. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀, ó gbọ́ òyìnbó bí ẹni mumi. Ó mọ̀ dájú pé ooru lọmọ náà ń pè. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tó kó sí yàrá àwọn ayálégbé rẹ̀ ju èyí tí òfin gbà lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ so páìpù gbọ́dọ̀ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò sì rí i.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà. “Ọmọ mi, má fòyà. Òórùn ni àbí kì í ṣe òórùn?”

Létí ọmọ yẹn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. “Yes sir, òórùn ni.”

“Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ilé tí à ń kírun sí, kí òórùn ààtàn máa wọ̀ ọ́? Sister, ẹ jókòó, ẹ má pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́.”

Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ nawọ́. Ọwọ́ Mummy ló kọ́kọ́ gòkè, ti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onílé sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a délé, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fìbínú dá mi lóhùn: “Ṣé mi ò gbọ́ Yorùbá ni?” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Heating? Heating lásán?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A pe káńsù. Wọ́n ní àwọn ti gbé iṣẹ́ náà lọ sí òpópónà kejì. Mummy gbé fóònù sílẹ̀.

“Má sọ fún ẹnì kankan pé kò yé mi. Tell them I refused it. Mo kọ̀ ọ́ ni.”

Nígbà tí òtútù mú gan-an, a pàdé bàbá yẹn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Kóòtù méjì ló wà lọ́rùn Mummy, wọ́n sì ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́ sí wọn lójú gbogbo èèyàn. “Mummy wa! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nawọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ilẹ̀ tútù lẹ ó máa tẹ̀ o!”

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Mummy di ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pinpin.

Àwọn èèyàn ṣe àmín. Mummy náà ṣe é, ohùn wọn ló sì ròkè jù.