Òdòdó Ilá Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì

Ìyá Ewé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fi kálàmù ẹlẹ́nu tín-ín-rín àti tàdáwà dúdú ya ewéko fún ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Bó bá ti jókòó ti ewé kan, àfi kéèyàn fọwọ́ kàn án léjìká kó tó gbórí sókè.

Àmọ́ nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìdí rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Nílé ìwòsàn, ṣe ló ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Á jókòó, á dìde; á ṣí fèrèsé, á tún tì í.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ìwọ tó ń jókòó ti ewé láti àárọ̀ dalẹ́, o ò wá lè jókòó tì mí?"

"Ẹ má bínú, bùrọ̀dá mi. Ewé kì í wò mí lójú ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Lọ gbé iṣẹ́ rẹ wá, jàre."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹ̀ka ilá tó ti rudi wá, ó kì í sínú ife omi. Òdòdó ilá kì í pẹ́: bó bá là láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ á ti bá a ní kíká. Ó ń sáré yà á, tàdáwà kán sórí bébà. Kò tíì dé ìdajì tí òdòdó fi rọ. Ó fẹ́ fa bébà náà ya.

"Fi sílẹ̀! Yà á bó ṣe rí yìí."

"Tó ti rọ? Ọ̀gá mi ò ní gbà á."

"Ṣé ọ̀gá rẹ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ó yà á, tòun ti ihò tí kòkòrò jẹ sára ewé. Bébà kan lójúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin tó ti ń yà á, ó jáde lọ pààrọ̀ omi inú ife. Kó tó padà, ẹ̀gbọ́n ti dákẹ́.

Ọ̀gá ní òdòdó tó là dáadáa lòun fẹ́. Ìyá Ewé ya òmíràn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ó fi sílẹ̀ fún un.

Mẹ́rin ìyókù ló gbé lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà tú wọn wò, ó mú ìkẹta.

"Èyí ni ẹ̀gbọ́n yín ní ó jọ ìbọ̀sẹ̀ òun. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu oúnjẹ."

"Mo ń bọ̀," ni Ìyá Ewé wí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà.