Mọ́tò Ẹlẹ́ni Méjì tí Bàbá Rahmah Fi Gbé Ìyàwó

Ọkọ mi, Tàjùdéèn, bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n ń wà jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Jímọ̀, wọ́n á kó gbogbo Peckham lọ sí Lewisham, wọ́n á tún kó wọn padà. Tó bá wá di Sátidé, tí èèyàn rò pé ọkọ̀ á ti sú wọn, wọ́n á wọ inú mọ́tò pupa kan báyìí, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré láyé àtijọ́. Mọ́tò náà dàgbà jù mí lọ. Kò gbà ju èèyàn méjì, àpò ìrẹsì ò lè wọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n títí pé kí la ń fi í ṣe, wọ́n ní mi ò lè mọ̀. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀.

Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ló mọ̀. Ariwo bọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí etí bàbá rẹ̀ dí díẹ̀, nítorí náà láti kékeré ló ti ń bá wọn tẹ́tí. Tí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, pọ́ǹpù tó ń fa epo á máa dún kó-kó-kó lẹ́yìn. Rahmah á ní, "Ó ti dún, Daddy." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó sítáàtì. Lójú tèmi, eré ọmọdé ni.

Ọjọ́ tí a fẹ́ so yìgì rẹ̀, àbúrò mi Nasrullah gbé táksì rẹ̀ wá, ó mọ́ tónítóní. Bàbá ìyàwó ní rárá o, mọ́tò àwọn làwọn máa fi gbé ọmọ àwọn dé mọ́sálásí. Wọ́n wọ agbádá funfun tí sítáàṣì mú kó le gbandi. Agbádá nìkan gba ìjókòó kan àti ààbọ̀, Rahmah sì ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó kù. Èmi àti Nasrullah tẹ̀lé wọn. Lèmọ́mù ti kìlọ̀ pé aago méjì ni, yìgì mìíràn wà lẹ́yìn tiwa. Tí bàbá tó máa fa ọmọ fọ́kọ ò bá sí níbẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

A ò tíì kúrò ní Peckham High Street tí mọ́tò fi wúkọ́, tó sì dákẹ́ síwájú ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ẹnìkejì wọn níbi iṣẹ́ ló ń wà á, ó tún ń juwọ́ sí wọn.

Kò sí ọkùnrin Yorùbá tó lè rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ ní Peckham kó kọjá lọ jẹ́ẹ́. Á kọ́kọ́ kí yín kú wàhálà, á ká ọwọ́ aṣọ, á wá máa sọ ohun tí kò mọ̀. Vincent tó ń ta fóònù ló kọ́kọ́ dé, ó ní bátìrì ni. Ẹ́ńjìnnì ń yí girigiri, ó kàn kọ̀ tí kò mú ni, ṣùgbọ́n bátìrì ni Vincent rí. Pásítọ̀ Jabez sọ̀ kalẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi hańkáṣíìfù mi nù ún, wọ́n dá a padà. Ibi tó wà náà ló wà. Hańkáṣíìfù mi nìkan ló yí padà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," Rahmah ké láti inú mọ́tò, "the pump, mi ò—"

"Fine girl, jókòó jẹ́ẹ́," ni Vincent dá a lóhùn. "Make-up ẹ á spoil."

Mo wo aago, mo ké mọ́ ọkọ mi. "Bàbá Rahmah, ẹ wọ táksì ká máa lọ! Ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ fà fọ́kọ ni?"

"Àsúmáù, mo ti promise rẹ̀ láti primary school," wọ́n ní. "Èmi ni màá gbé e débẹ̀."

Ni wọ́n bá bọ́ agbádá, wọ́n nà án sí Rahmah láti ojú fèrèsé, wọ́n fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Ọmọ mi wo ọwọ́ agbádá náà: ó ti ya, ibi tó ya dúdú fún gírísì. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìbòjú, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Súwíìsì kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́, bí a ti máa ń ṣe sí mọ́tò l'Ékòó, kí olè má baà gbé e sá lọ. Ó máa ń pa pọ́ǹpù. Ibi tí wọ́n ti ń kó agbádá wọlé ni ọwọ́ agbádá ti kọ́ ọ, tó fà á wálẹ̀. Epo díẹ̀ tó ti wà nínú ẹ́ńjìnnì ló gbé wọn dé ibi tó kú sí. Olè ò jí mọ́tò gbé. Ẹni tó ni ín ló fi aṣọ ìgbéyàwó dá a dúró.

Rahmah tẹ̀ ẹ́ sókè, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kó-kó-kó.

"Ó ti dún, Daddy."

Vincent ní òun ti mọ̀ pé iná ni.

Lèmọ́mù ti ń pe àwọn tó kàn nígbà tí a dé. Bùbá lásán ni bàbá ìyàwó wọ̀, ọwọ́ tó kún fún gírísì ni wọ́n sì fi fa ọmọ wọn fún Habeebullah, ọkọ ìyàwó. Mo sunkún, ẹ má bi mí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Habeebullah gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Kennington. Mo ti ń lọ síbi táksì Nasrullah nígbà tí mo rí ọkọ mi nínú mọ́tò wọn. Wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sítáàtì. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo ìjókòó tó ṣófo.

Mo káṣọ mi jọ, mo fi agídí wọlé, orúnkún mi kan àgbọ̀n.

"Ó ti dún," mo ní. "Ẹ wà á ká máa lọ, kí Vincent tó dé."