Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Méjì Lọ́nà Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó nínú ọkọ̀, mọ́tò kò pọ̀ ní Ìkòròdú. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lókèèrè, a ó ti mọ ẹni tó ni ín kí a tó rí i. Méjì lára wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí n kò tíì gbàgbé wọn.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì, kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tó ń padà sílùú wọn ló tà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló ra ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ará Ẹ̀pẹ́ kan tó ń ta pákó, ló ra èkejì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti yéé jiyàn lórí ọkọ̀ tó dára jù.

Ti Bàbá Àgbà lẹ́wà ju ohunkóhun tí ojú mi ti rí rí lọ. Ó gùn, ó rẹlẹ̀, ó sì dúdú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín para. Imú rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ara rẹ̀. Kò ní pẹpẹ tí wọ́n máa ń gùn wọ ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn; láti ilẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti tẹrí ba wọlé. Táyà iwájú ló ń fà á lọ, kì í ṣe tẹ̀yìn bíi ti àwọn yòókù, ọ̀pá jíà rẹ̀ kò sì ju ìka ọmọdé lọ. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni iná rẹ̀. Inú ara ọkọ̀ ni iná méjèèjì máa ń sápamọ́ sí. Ọwọ́ irin kékeré kan wà níwájú awakọ̀, òmíràn wà níwájú ẹni tó jókòó tì í. Bí ẹ bá ń yí i, iná á máa yọjú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Èmi ni Bàbá Àgbà máa ń ní kí n la ojú ọ̀tún.

Ti ará Ẹ̀pẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ga bí àpótí aṣọ tí wọ́n gbé lé táyà. Wáyà ni wọ́n fi hun àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́. Sílíńdà mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, nígbà tí ti Bàbá Àgbà jẹ́ mẹ́jọ. Bó bá ń gun òkè, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè máa bá awakọ̀ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ títí wọn á fi dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ga, kùkùté kì í kàn án.

Bàbá Àgbà á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ tó wọ agbádá lo rà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ń gbé mi débi tí mò ń lọ."

Nígbà tí iyàn náà kò tán, wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò fi ọkọ̀ sáré ìje láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá kẹ́yìn yóò dìde láàárín ẹgbẹ́ wọn tí yóò máa dúró dè wọ́n níbẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ òun ló dára jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá Àgbà ní kí n wá jókòó níwájú. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Àsìkò òjò ni. Kí a tó dé Ìmọ̀tà, a kò gbúròó ọkọ̀ kejì mọ́ lẹ́yìn wa. Bàbá Àgbà ń kọrin. Lẹ́yìn Ìmọ̀tà, ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ síbi àbàtà kan, omi sì ti bo ojú títì. Bàbá Àgbà kò dẹwọ́ eré. Táyà iwájú wọnú ẹrẹ̀, ó ń yí lásán, imú gígùn yẹn wúwo, ọkọ̀ sì yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ nínú àbàtà. Ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo nǹkan dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi tó ń wọlé.

Ẹrẹ̀ ti ká ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà mọ́. Kùkùté ọ̀pẹ kan há mọ́ tèmi. Mo yí fèrèsé mi, ó sọ̀ dé ìdajì, kò lọ mọ́. Èmi lè gba ibẹ̀ jáde. Bàbá Àgbà kò lè gbà á, ènìyàn títóbi ni.

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n gba ibí jáde, kí n lọ pe èèyàn wá."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Dúró. Má lọ."

"Omi ń wọlé, sà."

"Mo ní o ò gbọdọ̀ lọ!"

Ẹ wò ó, ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ohùn rẹ̀ nìkan tó láti la ìjà ní gáréèjì. Òun náà ló wá rọ̀ mọ́ ọmọdé báyìí. Omi ti dé ìbàdí rẹ̀, ó dé orúnkún mi. Bí mo bá ti yí sí fèrèsé, á fún ọwọ́ mi le sí i, títí n kò fi mọ ìka mi lára mọ́. Ojú ọ̀run wà lójú fèrèsé níbẹ̀ yẹn, n kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò bẹ̀rù omi yẹn tó bí mo ṣe bẹ̀rù ọwọ́ yẹn. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n gé e jẹ. Mo tẹrí ba, mo la ẹnu, ẹnu mi kan awọ ara rẹ̀. N kò lè ṣe é. Ọmọ wo ló máa gé àgbà ilé rẹ̀ jẹ?

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Bí eré ọkọ̀ wa ṣe pọ̀ tó ni a ṣe jìnnà sí ẹni tó lè gbà wá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọkọ̀ gíga yẹn, pù-pù-pù, tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ará Ẹ̀pẹ́ bọ́ agbádá sílẹ̀, ó wọ́ omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rí ọwọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, fi ọmọ sílẹ̀ kí n gbé e jáde."

Bàbá Àgbà kò fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ki apá rẹ̀ bọ fèrèsé. "Ó dáa, di tèmi mú. Mi ò ní lọ síbì kankan."

Báyìí ni Bàbá Àgbà ṣe fi ọwọ́ kan rọ́pò òmíràn. Mo yọ jáde, mo sáré lọ sí oko tó wà lókè, mo ké pe àwọn àgbẹ̀. Wọ́n gbé okùn àti àdá wá, wọ́n gé kùkùté náà kí Bàbá Àgbà lè jáde, wọ́n sì so ọkọ̀ rírẹlẹ̀ mọ́ ọkọ̀ gíga. Sílíńdà mẹ́rin fa sílíńdà mẹ́jọ jáde, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èéfín.

Ọ̀sán pọ́n kí a tó dé Ẹ̀pẹ́ nínú ọkọ̀ gíga. Ẹgbẹ́ wọn ti péjọ. Bàbá Àgbà dìde láti sọ ohun tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kò dára, àwọn jọ rìn dé ni. Bàbá Àgbà jókòó. Nígbà tí a ń padà, ó ra odindi ẹja yíyan kan fún mi ní Ọjà Olúwo. Ó ní, "Má sọ fún bàbá rẹ." Kò sọ ohun tí n kò gbọdọ̀ sọ. Mo mọ̀ ọ́n.

Mo sọ fún ìyá mi pé okùn ló dá àpá sí mi lọ́wọ́. Bàbá Àgbà kò gbé mi sínú ọkọ̀ mọ́. Títí tó fi kú, bí mo bá wọ yàrá tó wà, á wo ibòmíràn. Mo jáde nínú àbàtà, ṣùgbọ́n n kò jáde nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Lónìí, ọ̀dà ti bo ọ̀nà yẹn, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá wà ní Ìmọ̀tà, èrò ẹ́sítéètì ló sì kún ìtòsí wa. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayé yìí ń ti ara rẹ̀ pa. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, gbé mi lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́. Òjò ń rọ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe dún tó tì, òógùn bò mí.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà yín, àbí?"

Nígbà tiwa, ẹni tó bá bi àgbà ní irú ìbéèrè yẹn, ìfọ́tí ni èsì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọ̀wọ̀. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo lò láyé, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Ó ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Òjò ń ta sí wa lára. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí.