Káàdì Tí Wọ́n Gbé Fún Ẹlòmíràn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Káàdì fi tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan. Ó ní orúkọ àbísọ o, ó wà nínú ìwé owó oṣù, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Sọ nọ́ńbà rẹ fún un lójú fèrèsé, kí o tó sín lẹ́ẹ̀kan, káàdì rẹ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Má bi í bó ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé kọ̀ǹpútà dé. Dókítà àgbà ní ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to nọ́ńbà káàdì bí ẹ̀rọ náà ṣe ń tò ó kò ní jókòó tì í. Ìdánwò di Ọjọ́rú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, yàrá ìfọṣọ ló ń lọ, kó lọ máa gbé aṣọ ibùsùn tó rin gbingbin. Ìbàdí Ìyá Káàdì kò gba ìyẹn. Yàtọ̀ sí ti ìbàdí, ó fẹ́ràn àwọn káàdì rẹ̀. Ká má parọ́, ó fẹ́ràn wọn ju àwọn aláìsàn tó ni wọ́n lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kọ nọ́ńbà sára páálí kéékèèké, ó sì tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Màámi, ẹ wò ó. Ogójì ló wà lókè. Èyí tó bá kéré sí i, apá òsì rẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó bá jù ú lọ, apá ọ̀tún. Ẹni tí ẹ bá tún bá nísàlẹ̀, bákan náà lẹ máa bi í."

Ìyẹn yé e. Ọgbọ̀n bọ́ sósì, àádọ́ta bọ́ sọ́tùn-ún. Márùndínláàádọ́ta bọ́ sápá òsì àádọ́ta, ọgọ́ta bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀. Inú ìyá ti ń dùn. Bí àádọ́rin ṣe wọ abẹ́ ọgọ́ta báyìí, ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Ó ti fì sápá ọ̀tún! Tá a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa di ìlà gbọọrọ, ẹ̀ẹ́ wá máa yẹ káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àádọ́ta lọ sókè, kí ogójì sọ̀kalẹ̀ sápá òsì rẹ̀."

"Ogójì tó kọ́kọ́ dé? Ta ló ṣẹ̀?"

"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Màámi. A kì í wo ẹni tó kọ́kọ́ dé níbí."

"Ayé ti bàjẹ́. Márùndínláàádọ́ta tó wà lápá òsì yẹn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e fún ogójì, sápá ọ̀tún. Ó ju ogójì lọ, ó sì kéré sí àádọ́ta. Ẹni tó bá wá a máa rí i."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ Ìyá Káàdì lójú. Ó kó páálí jọ, ó tún un tẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi kan náà ló ń há sí. Ọmọ rò pé ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìyá Káàdì nígbà tí ìyá rẹ̀ bí ìbejì, tí ilé kò gbà wọ́n mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin dé, ó di ẹrù rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ sílé tirẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, kò jẹ́ purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó sì ń dùn ún títí di òní.

"Kí ló dé tó jẹ́ márùndínláàádọ́ta yìí ni wọ́n gbé?" ló béèrè.

"Torí àárín ló wà, Màámi."

Ìyá Káàdì náà, àárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìbejì ló wà.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gbẹ́ni tó ṣe ètò inú kọ̀ǹpútà náà jókòó síwájú rẹ̀, ó ń na káàdì sí i láti orí ení. Ẹ̀ta dé, ó gbé èjì lọ sókè. Àrún dé, ó gbé ẹ̀rin sípò ẹ̀ta, ẹ̀ta bọ́ sápá òsì rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀fà dé, gbogbo rẹ̀ fì sọ́tùn-ún: ẹ̀rin gbọ́dọ̀ lọ sókè, èjì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ta wá kù sí i lọ́wọ́, ó sì dì í mú ṣinṣin.

"Mà, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé."

Ó rọra gbé ẹ̀ta sápá ọ̀tún èjì.

"Ó dáa. Ẹ bá mi wá ẹ̀ta."

"Ó kéré sí ẹ̀rin, mo lọ sósì. Ó ju èjì lọ, mo lọ sọ́tùn-ún. Òun rèé."

"Ó mà yé yín gan-an!"

"Kò yé mi, ọmọ mi. Mo kàn lè ṣe é ni."

Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí ìwé: láti ọjọ́ Ajé, Ìyá Káàdì ni yóò máa jókòó ti ẹ̀rọ. Ìyá Káàdì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rin, ó dé ọ̀dọ̀ èjì, ó rí ẹ̀ta lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n gbé e fún. Ó tún un ṣe.

"Mà, ẹ ti yege o."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Káàdì wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.