Òyìnbó Tó Ń Dúpẹ́ Jù

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀gá mi ta léèsì ní Ọjà Balógun. Ará Íńdíà ni, àmọ́ bẹ́ ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ná ọjà, ẹ ó rò pé Jankara ni wọ́n bí i sí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Amẹ́ríkà lọmọ náà ti kàwé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ yìí mú òyìnbó Amẹ́ríkà kan wálé, ó ní òun lọkọ tí òun fẹ́. Bàbá ní kó wá bá àwọn gbé díẹ̀ ná, kó tó padà lòun máa sọ bóyá òun gbà.

Kí òyìnbó tó dé rárá lọ̀gá ti ní i sínú. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ọmọ á kọ́kọ́ tẹ bàbá rẹ̀ láago kó tó lè yà sílé, wọ́n á kó àgbàlagbà fún àjèjì tọ́jú, wọ́n sì ń pààrọ̀ ìyàwó bí ẹní ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó náà ò sàn jù ú lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá wọ́n ti wá ọkọ mìíràn sílẹ̀ fún ọmọ náà ní Íńdíà, tí wọ́n á fipá fà á lé e lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá tí ọmọ ń pàṣẹ fún lórí fóònù, ṣé òun ló máa fipá mú ọmọ?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wọn dáadáa. Ó ya òyìnbó lẹ́nu pé àràárọ̀ lọ̀gá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Íńdíà kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kìkì kó lè béèrè ohun tó jẹ lánàá. Ó ní òun ò tíì bá ẹ̀gbọ́n tòun sọ̀rọ̀ láti Kérésì, ojú sì tì í. Ọ̀gá náà rí i pé òyìnbó ń fọ abọ́ tó bá fi jẹun, kì í wojú ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní nílé bàbá òun, òun ò fọwọ́ kan abọ́ ìdọ̀tí rí, ìyẹn ò sì dáa. Inú mi dùn sí àwọn méjèèjì.

Ọpẹ́ ló fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n fún òyìnbó lómi, ó dúpẹ́. Wọ́n sún iyọ̀ sí i, ó dúpẹ́. Ìyàwó ọ̀gá bu ìrẹsì fún un, ó dúpẹ́ bíi pé wọ́n kọ́lé fún un. Lójú tèmi, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣebí àwa náà máa ń jí lọ dúpẹ́ oore àná. Àmọ́ ìbínú lọ̀gá gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ilé kì í dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti dúpẹ́, ohun tó ń sọ ni pé àlejò lòun, òun máa lọ.”

Mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ sọ pé òun ò gbà. Ẹnu mi bá ń yún mi. Mo lọ bá òyìnbó, mo tú gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti gbé tíì fún un, á fún ètè pọ̀, á máa wolẹ̀. Ó ṣe mí láàánú, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọ̀la kó padà, òjò ńlá rọ̀, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó pe òyìnbó. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń bá wa gbé ìdì léèsì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí ilẹ̀ fi ṣófo. Léèsì kankan ò bàjẹ́. Ọ̀gá dúró nínú omi, ó di ọwọ́ òyìnbó mú, ó ní, “O ṣé. O ṣeun gan-an ni.”

Òyìnbó mi orí. Ó ní, “Bàbá, ta ní ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀?”

Ọ̀gá wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí mi.

Ó ní, “Bá mi pe ìyàwó mi. Sọ fún un pé ebi ń pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.”